Pẹ́dà Tó Ń Rì Kì í Tún Ara Rẹ̀ Ṣe Lójú Ọ̀nà

Ayétòrò,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Olúwaḿbẹ, ọmọ mi,

Ìkíni tí ó yẹ kí n kí ọ pọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó dúró ná. Ara wa le, ìyá rẹ ń kí ọ, òkun ṣì wà níbi tí o fi í sí. Ọkọ̀ ojú omi tí yóò mú lẹ́tà yìí lọ sí Igbókọ̀dá yóò ṣí nígbà tí oòrùn bá kàn wá lórí, mo sì ti bẹ awakọ̀ rẹ̀ pé kí ó má fi lẹ́tà mi sílẹ̀. Láti àná tí mo ti ka lẹ́tà rẹ ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Ìyá rẹ ní mo ń rìn síwá sẹ́yìn lórí afárá pákó bí adìẹ tí ó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Òun kò mọ ohun tí pẹ́dà jẹ́.

Ó yá, jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, kí o lè gbọ́ bí ó ṣe dún létí mi. O ní iṣẹ́ tuntun tí o rí dára, pé ilé-ìwé tí o ń wa lọ́rì fún ní Oǹdó ń tọ́jú rẹ. O ní ìwọ fúnra rẹ ni o pààrọ̀ bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́rì náà. Mo yọ̀. Àfi bí o ṣe wá kọ ìlà kan ṣoṣo sí i, bí ẹni tí ó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, pé pẹ́dà bíréèkì rọ̀ díẹ̀, ó sì ń rì wọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bíréèkì ń mú. O ní o rò pé yóò mọ́ra bí ó bá ti rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni o ti sọ pé lọ́jọ́ Sátidé, o ó kó àwọn ọmọ akọrin ilé-ìwé lọ sí Ìdànrè.

Ìdànrè, Olúwaḿbẹ. Ibi tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Má wa lọ́rì yẹn. Bí o kò bá ka ibòmíràn nínú lẹ́tà yìí, ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Má wà á lọ sí Ìdànrè, má wà á lọ sọ́jà, má jẹ́ kí táyà rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé títí o ó fi ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá bínú, kí ó bínú. Inú tí ó bí i lónìí yóò rọ̀ lọ́la.

Mo mọ̀ pé o lè máa rò ó pé kí ni bàbá ará orí omi mọ̀ nípa lọ́rì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni o bá lọ́wọ́ mi nígbà tí o gbọ́njú. Ṣùgbọ́n kí a tó bí ọ, èmi ni mo ń wa lọ́rì tí ń kó ẹja wa láti Igbókọ̀dá lọ sí Òkìtìpupa àti Oǹdó. Èmi náà ni mẹkáníìkì rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ wa ti rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú òkè, mo sì padà dé pẹ̀lú sípánà méje àti ìgbéraga tí ó tó ti ènìyàn mẹ́wàá.

N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ní Ayétòrò wa, ti gbogbo ìjọ ni ẹ̀yin ọmọ jẹ́. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ni ó ń bá ọmọ wí, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ni ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. N kò jiyàn sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rí ibi sá pamọ́ sí, nítorí ohun tí ó yẹ kí bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀, mo máa ń rò pé bàbá mìíràn yóò ti sọ ọ́. Eléyìí kò sí ẹni tí ó lè bá mi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pẹ́dà ni n ó kọ́kọ́ sọ, nítorí ọkọ̀ kò ní dúró dè mí.

Fi òkúta ńlá há iwájú àti ẹ̀yìn táyà. Pa ẹ́ńjìnnì. Bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ rẹ lè gbọ́ ohun tí pẹ́dà ń sọ. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Bí ó bá lọ jìnnà ní àkọ́kọ́, tí o tún un tẹ̀ kíá, tí ó wá gòkè, tí ó sì le bí igi, láínì tuntun tí o fi sí i, èyí tí ń di táyà mú, ló jìnnà sí ara dúrọ́ọ̀mù, irin roboto inú táyà. O kò fún un tó. Gbé táyà kọ̀ọ̀kan sókè, máa fún láínì náà títí yóò fi máa ha dúrọ́ọ̀mù, kí o wá dá a padà díẹ̀ kí táyà lè yí. Ìyẹn ni ó rọrùn jù, òun sì ni àwọn ọmọ ìkánjú ń gbójú fò.

Èkejì. Bí o bá tún un tẹ̀ tí kò le, tí ó rọ̀ tí ó sì ń ta ẹsẹ̀ rẹ padà bí tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kì í fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ fi lè rán an níṣẹ́ títí dé ìdí táyà. Afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀. Bí ó bá wà nínú páìpù, òun ni o ń fún, táyà kò ní mọ̀ pé o pè é. Ìwọ tí o tú páìpù ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí bí afẹ́fẹ́ kò ṣe ní wọlé. Ṣé o fà á jáde? O kò kọ ọ́ sí lẹ́tà. Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí ó ṣe pàtàkì kọ́ ni o máa ń kọ.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí o lo ọ̀rọ̀ náà "ń rì". Pọ́ǹpù pẹ́dà títí yóò fi le, kí o wá fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀ kí o má gbé e, kí o ka oókan dé ọgọ́ta. Bí ó bá ń lọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tí omi ń wọ̀, ọ́ìlì ń gba ibì kan sá lọ. Wọ abẹ́ lọ́rì. Fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan, fi pa gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀. Wo họ́ọ̀sì rọ́bà bóyá ó ń wú nígbà tí ẹlòmíràn bá tẹ pẹ́dà. Bí o bá rí ibi tí ó tutù, ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, tí ọ́ìlì inú agolo òkè tí a ń dà á sí kò sì dín, nínú másítà tí pẹ́dà ń tì gan-an ni rọ́bà ti jẹ. Ọ́ìlì kò jáde síta, ó kàn ń yí po rọ́bà padà sẹ́yìn ni. Wá rọ́bà tuntun tàbí másítà tuntun. Bí o fa afẹ́fẹ́ jáde títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀kan péré ló lè ṣe ọkọ̀ o. Bí o ṣe ṣàlàyé tìrẹ, mo fura pé àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀. Wo gbogbo rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ fífa afẹ́fẹ́ jáde. Ibí ni mo ti ṣubú.

O mọ Bàbá Fọlọ́runṣọ́, ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ igi rẹ̀ ti ògiri kí ó tó jókòó. Wọ́n sọ fún ẹ̀yin ọmọdé pé lọ́rì ló gé e lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Òun ni ọ̀rẹ́ mi. Òun náà ni olórí orin wa nígbà náà. Bí a bá ń fa àwọ̀n, bí a bá ń ti ọkọ̀ ńlá sómi, ohùn rẹ̀ ni apá wa ń tẹ̀ lé. O kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí mo pààrọ̀ bíréèkì lọ́rì ní Igbókọ̀dá, Fọlọ́runṣọ́ bá mi wá. Ó jókòó sínú lọ́rì kí ó máa tẹ pẹ́dà, èmi sùn sábẹ́ láti máa ṣí nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Àwa kì í ṣiṣẹ́ tí orin kì í sí, nítorí náà ó dá orin àwọ̀n sílẹ̀, àwọn tí ń di ẹja sí agbọ̀n sì gbè é. Ó dùn. Bí ó bá lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kò mọ orin. Ọwọ́ mi kì í tíì tì í tán kí ègbè tó gbé ẹsẹ̀ Fọlọ́runṣọ́ sókè, pẹ́dà á sì tún fa afẹ́fẹ́ padà sínú. A ṣe é bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, a ń fi ẹnu ara wa yin ara wa.

Nítorí náà, ohùn lásán ni kí ẹ máa fi ṣe é. Ìwọ wà lábẹ́, ẹnì kejì wà lókè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní "Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." O ṣí nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde, o tì í, o fún un, kí o tó ní "Mo ti tì í." Ìgbà náà nìkan ni kí ó gbé ẹsẹ̀. Bí o kò bá sọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sùn síbẹ̀. Ìdí táyà tí ó jìnnà sí másítà jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wò ó pé nọ́ọ̀tì náà wà lókè, nítorí afẹ́fẹ́ kì í gbé ìsàlẹ̀. Bí o bá ti gbé irin tí nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀ ní ọ̀tún sí òsì, ó lè dorí kodò, wàá máa fa ọ́ìlì jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè máa wò ọ́.

Fi igi sábẹ́ pẹ́dà kí ó má balẹ̀ pátápátá. Bí másítà bá ti pẹ́, ibi tí rọ́bà rẹ̀ kì í dé tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà, bí o bá tì í dé ibẹ̀, ìpẹtà á ya á. Mo ya tèmi bẹ́ẹ̀. Kò pé ọjọ́ mélòó kan ní etí omi iyọ̀ kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí dípẹtà, ìwọ náà mọ̀.

Má sì da ọ́ìlì tí ó jáde padà sínú agolo. Ní ilé wa, a kì í da nǹkan nù, ìpẹ́ àti egungun ẹja pàápàá ń rí iṣẹ́ ṣe. Mo gba ọ́ìlì náà sínú agolo mílíìkì tí kò ní ìdérí, ó gba ìrì òkun sára mọ́jú, mo sì tún dà á padà ní àárọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìfófòó rẹ̀. Mo rò pé ìwà rere ni mo ń hù. Ra tuntun, ṣí i ní ọjọ́ tí o máa lò ó, má sì jẹ́ kí agolo òkè gbẹ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Ó yẹ kí lẹ́tà yìí parí síbí. Gbogbo ohun tí o nílò fún lọ́rì wà lókè yìí.

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti lọ wo odò, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí ọkọ̀ ní Igbókọ̀dá, mo tẹ pẹ́dà. Ó balẹ̀. Mo tún un tẹ̀, bíréèkì mú. Ẹja ń dúró, àwọn ìyá méje ti jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n wọn, èmi sì ni ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo sọ nínú ọkàn mi pé yóò mọ́ra lójú ọ̀nà. Bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo rí i nínú lẹ́tà rẹ, mo wo ọwọ́ ìwé náà dáadáa bóyá ọwọ́ mi ni.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí a tó dé afárá onígi lọ́nà Òkìtìpupa. Mo tẹ̀ ẹ́, ó balẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó balẹ̀. Ìkẹta, ìkẹrin. Fọlọ́runṣọ́ wà lẹ́yìn pẹ̀lú igi tí a fi ń há táyà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó fò sílẹ̀, ó fò, ó sá wá sí iwájú táyà ẹ̀yìn, ó fi igi náà há a. Táyà gun igi, ó gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró. Kò sí ìyá kan tí ó fara pa nínú wọn. Ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, èyí tí ó fi bá mi tẹ pẹ́dà.

O mọ àṣà wa: ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni yóò dìde láàárín ìjọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo dìde. Mo sọ pé ẹsẹ̀ Fọlọ́runṣọ́ bá orin lọ, kò bá ọwọ́ mi lọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà kẹ́dùn, wọ́n ní kí a má kọrin mọ́ nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. N kò sọ pé mo ti mọ̀ pé pẹ́dà rọ̀ kí táyà tó yí. Fọlọ́runṣọ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Nígbà tí ó padà dé tí wọ́n sọ ohun tí mo wí fún un, ó mi orí. Láti ọjọ́ náà kò dá orin sílẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ nídìí àwọ̀n, ìbáà jẹ́ nínú ìjọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni ó ń jókòó, pẹ̀lú ẹnu dídì. Ìwọ àti gbogbo ojúgbà rẹ dàgbà láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ó ti ń tì mí láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ò tilẹ̀ parọ́, òótọ́ ìlàjì ni mo sọ, ó sì yára ju irọ́ lọ, kò sí ẹni tí ó lè lé e bá. Nítorí náà ìmọ̀ràn tí ó kù nìyí: bí o bá rí i pé pẹ́dà rọ̀, wí i. Wí i fún ọ̀gá ilé-ìwé, wí i fún olùkọ́ akọrin, wí i kí àwọn ọmọ tó gun ọkọ̀. Ojú á tì ọ́ díẹ̀. Ìtìjú àárọ̀ kan kò pọ̀ rárá.

Dúró ná. Kí ni mo ń kọ sí ọ yìí, tí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ń bẹ ní afárá kejì tí ń tún àwọ̀n ṣe? Mo ń bọ̀.

Mo ti padà dé. Oòrùn ti ń gòkè, n ó yára.

Mo bá Fọlọ́runṣọ́ níbi tí ó ti ń bá àwọ̀n fà á. Mo ka ìlà rẹ sí i létí, ti pé yóò mọ́ra lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tèmi, lórí ìdúró, nítorí n kò lè jókòó. Kò gbé ojú sókè. Ó hun ojú àwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó wá ní:

"Mo mọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́rì láàárọ̀ ùgbà yẹn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ tí ó balẹ̀. Mé è sọ̀rọ̀. Mo ní ìwọ lo mọṣẹ́."

Olúwaḿbẹ, mo ti ń ru ẹrù yìí láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀. Ó rí i, ó gun ọkọ̀ náà nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé mi, ó sì gbọ́ ohun tí mo sọ nípa rẹ̀, ó mi orí. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn tí ń sá edé. Jẹ́ kí wọ́n wò. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, bí ìjọ bá pé, n ó dìde sọ èyí tí ó kù, ó sì ní òun yóò jókòó síwájú kí òun lè gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi í bóyá ó ní nǹkan tí n ó bá a kọ sí ọ. 

"Sọ fún ọma wa kó kọrin bó bá wù ú," ó ní. "Àwọn ọmọ akọrin ló ń kó. Lọ́rì tí pẹ́dà rẹ̀ rọ̀ ni kó má wà."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, n kò fi kún un.

Wọ́n ti ń pe èrò sínú ọkọ̀. Bí o bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi: ó le, tàbí kò le. Bí kò bá le ní ọjọ́ Ẹtì, kí Ìdànrè dúró, ibẹ̀ ló ti wà kí a tó bí baba ńlá mi. N kò ní lè jẹun dáadáa títí ìlà náà yóò fi dé, ìyá rẹ á sì máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí mo ń ti ọ̀dọ̀ Fọlọ́runṣọ́ bọ̀ lórí afárá, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kun orin àwọ̀n lẹ́yìn mi, ohùn náà ti ha díẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn, kí ó má baà dákẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.